Àwọn Onílù Bàbá Rẹ

Ilé Ògúnjìnmí,
Ararọ̀mí-Ọ̀pin,
Oṣù Kẹjọ, 1981.

Jonah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní Kàdúná níbẹ̀, mo sì kí lánlọ́ọ̀dù yín. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun kánú? Olúwa tó gbé ọ débẹ̀ láìfarapa kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún òtútù àti ọ̀rẹ́ burúkú. Èmi Keziah ìyá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, ìwé tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí, bí o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́, ewúrẹ́ ló forí gbá mi lápá.

Àwa náà wà. Òjò rọ̀ dáadáa, iṣu sì ta. Fúnmilọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Susanna. Etí bàbá rẹ nìkan ni kò tíì là. Láti ìgbà tí ibà yẹn ti gbé e dálẹ̀, kò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ ohùn mi àfi bí mo bá pariwo sí i létí bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ní kí ni òun fẹ́ máa wo ẹnu àwọn èèyàn fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa wo òkè, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fẹ́ gbọ́ orin ìyìn nínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí o gbé wá fún wa ní Kérésì, mo gbé e lé orí bẹ́ǹṣì tí bàbá rẹ jókòó sí. Mi ò wo kásẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tìrẹ tí o fi sílẹ̀ níbí ni mo fi sí i, èyí tí àwọn òyìnbó onírun gígùn wà lára páálí rẹ̀. Ariwo tó jáde kúrò ní kékeré. Ibi tí mo ti ń wá bọ́tìnnì tí n ó fi pa á ni mo ti rí i tí bàbá rẹ dìde jókòó dáadáa, tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bẹ́ǹṣì. Ó bi mí léèrè pé ta ló ń gún nǹkan nínú ilé wa. Mo pariwo sí i létí pé ìlù ni. Ó ní kí n má pa á. Jonah, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín.

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, tí a bá jẹun tán, àwa méjèèjì ni a máa ń jókòó ti rédíò náà, tí bàbá rẹ yóò fi àyà ti àpótí rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ mọ́ra. Ó ti mọ àwọn onílù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tí ó ń pè ní Olójò. Ẹni yẹn a kọ́kọ́ kán tótó, kán tótó, ìwọ yóò fẹ́ sáré lọ kó ẹ̀gẹ́ tí o sá sórí àpáta, kó tó wá tú gbogbo rẹ̀ dà lé ọ lórí. Òmíràn ni Ẹlẹ́ṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń sáré lórí ìlù. Bàbá rẹ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni òun ti ń gbọ́ ọ, ó máa ń dijú, a ní òun ti wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, ọ̀dọ́mọdé sì ni òun. Èyí tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn àti irin lọ́wọ́, mo ti ń káàánú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti mú un wá lulù. Òun kì í kánjú. A lù ú bí igi ńlá tó wó nínú igbó, yóò wá dákẹ́. Bàbá rẹ ní àyè tó wà láàárín wíwó kan sí èkejì tó kí èèyàn fi rántí ìyá rẹ̀.

Irun wọn yẹn, mo ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ ni wọ́n jẹ́ fún Ọlọ́run bíi ti Sámúsónì. Mo ń gbàdúrà kí obìnrin kankan má fá a fún wọn lójú oorun.

Ní ọjọ́ kan ni àìsàn mú Ẹlẹ́ṣin. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ẹni tó ń kọrin fún un náà ń dún bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin, a gbàdúrà fún un. Dáúdà tó ń tún rédíò ṣe ní òkúta rédíò ló ti kú, ó fi tuntun sí i, ara Ẹlẹ́ṣin sì yá lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dáúdà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òkúta nìkan.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí n kò fi sí i, èyí tí o fọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ rẹ sí. O rántí ohun tí bàbá rẹ sọ ní ọjọ́ tí o ní o ti fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀, pé ìlù jáàsì ni o fẹ́ máa lù ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọmọ òun kò ní máa fi igi wá oúnjẹ jẹ. O lọ láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sunday tó kọjá, mo fi í sí i, n kò sọ fún un.

Ó gbé ọwọ́ lé rédíò. Ó ní ọwọ́ onílù yìí dára, ó mọ̀ ọ́n lù, ṣùgbọ́n ó ń kánjú, ó ń lù ú bíi pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gba ìlù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ta ló ń lé e? N kò lè mú un mọ́ra. Mo fi ẹnu kàn án létí, mo ní Jonah ni.

Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kásẹ́ẹ̀tì parí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó wá ní òun gan-an ni òun ń lé e nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n yí i sí apá kejì.

Ó ní kí o máa bọ̀ nílé, kí o sì gbé ìlù náà wá, òun fẹ́ fọwọ́ kàn án. Adégbìtẹ́ tó ń wa lọ́rì alùbọ́sà yóò bá ọ gbé e, mo ti bá a sọ ọ́. Òun náà ni mo fi èlùbọ́ rán sí ọ. Bí o bá rí àwọn onílù yẹn ní Kàdúná, bù fún wọn, kí ẹlẹ́wọ̀n sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òkúta rédíò, àti fún ẹ̀wù Susanna, tó bá kù, kí n fi ra awò ojú.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ìjókòó tí ẹnikẹ́ni kò ní lé ọ kúrò lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ibi tí o bá ti lulù, wọn yóò jẹ́ kí o lù ú tán.

Bí o bá dé, má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa pe bàbá rẹ, kò ní gbọ́. Wọlé tọ̀ ọ́ wá, kí o gbé àyà lé àyà rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Keziah Ògúnjìnmí.