Ìkúnlẹ̀ àti Bọ́tìnì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà, 1991

Mo ti gba oògùn. Wóró kékeré, róbótó, bíi bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Mojí. Bọ́tìnì ni màá máa pè é níbí, nítorí orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, amitiripitilíìnì, gùn ju sùúrù mi lọ. Dókítà Ọláníyan ní ọ̀kan ṣoṣo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó sùn. Kò gbọdọ̀ pàdé ọtí. Ó bi mí bóyá ọmọdé wà nílé. Mo ní Mojísọ́lá wà, ọmọ ọdún márùn-ún. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bí ọmọdé bá kó o jẹ, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Inú àpótí aṣọ ìgbéyàwó mi ló wà báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Mo sọ fún dókítà pé òkúta kan wà láyà mi láti ìgbà tí oyún ti wálẹ̀ lára mi lọ́dún tó kọjá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó sì ní oògùn.

Bàbá Mojí nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá yìí pé oògùn ọpọlọ ni mò ń lò, wèrè ni wọn yóò máa pè mí.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Oorun. Oorun gidi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi gbẹ bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Màá máa gbé ike omi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹfà

Òkúta wà níbi tó wà. Mo ní kí n da bọ́tìnì sí ṣáláńgá. Bàbá Mojí ní ṣé dókítà ò sọ pé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí èèyàn tó rí i ni? Pé mo gbin àgbàdo láàárọ̀, mo sì ń hú u wò nírọ̀lẹ́. Mo bínú. Òótọ́ ló sọ, ìdí tí mo fi bínú nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

Jẹ́nẹ́rà dé. Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan o. Abẹ́òkúta ló ti wá, ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà pẹ̀lú àpò èlùbọ́ àti adìẹ méjì.

Nínú ìdílé wọn, ìyàwó kì í fi orúnkún kan ilẹ̀ kó sì dìde wéré. Orúnkún méjèèjì ni, wàá sì wà níbẹ̀ títí ìyá yóò fi ki oríkì rẹ tán. Lónìí, Jẹ́nẹ́rà kì mí títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ó ní, "Àníkẹ́, ó tó, dìde." Mo dìde. Ilé ṣú. Nígbà tí mo lajú, orí àpò èlùbọ́ ni mo wà.

Mo rò pé yóò figbe ta. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ikùn mi ló ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

Rédíò ti gbọ́ — Alhájà Nùsírátù, onílé wa. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ojúlé ti gbọ́ pé mo lóyún. Ó ní òun ti fura: mò ń sùn ṣáá, mò ń mu omi bí ẹja, mò ń jẹun fún ẹni méjì. Bọ́tìnì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ojú ló ń tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹfà

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Jẹ́nẹ́rà gbé ìgò kan jáde. Egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, tí yóò di oyún mú. Ife kékeré láàárọ̀, ife kékeré nírọ̀lẹ́. Kí n sì jìnnà sí oògùn òyìnbó. Mo rántí ohun tí dókítà sọ nípa ọtí. Bó ṣe yíjú padà, mo dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ.

Wàhálà tó kù: lónìí, wọ́n gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní pálọ̀ wá sí yàrá tí àpótí mi wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí i lójú rẹ̀?

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà

Láti ọjọ́ Àìkú, mi ò fẹnu kan bọ́tìnì. Oorun ti sá lọ. Orí ń fọ́ mi. Mo bì láàárọ̀ yìí. Jẹ́nẹ́rà pàtẹ́wọ́, ó dá orin ọpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹfà

Òkúta ti padà, ó kó ẹbí rẹ̀ wá. Balùwẹ̀ ni mo ti sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹfà

Mo rí nǹkan oṣù mi. Bí Jẹ́nẹ́rà bá mọ̀, yóò ní oyún tún ti wálẹ̀, ẹkún yóò sọ nínú ọgbà yìí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Mojí, tí òun náà ti gba ọ̀rọ̀ oyún yẹn gbọ́. Ó mú mi lọ sí kílíníìkì dókítà ní Ìkọ̀tún.

Dókítà ò pariwo mọ́ mi. Ó ní èèyàn kì í já bọ́tìnì sílẹ̀ lójijì. Bí àkókò bá tó, òun ni yóò sọ, díẹ̀díẹ̀ la ó sì máa dín in kù. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi dàrú. Ní ti ìṣubú, ó ní oògùn yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè gòkè sórí bí èèyàn bá dìde lójijì. Kí n máa jókòó kí ìyá ọkọ mi. Mo ní, "Dókítà, ẹ ò mọ ilé tí mo fẹ́kọ sí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ní ìyá, kí n sọ òótọ́ fún ìyá ọkọ mi.

Bàbá Mojí ní òun á bá mi sọ ọ́. Mo ní rárá, èmi ni mo gbé irọ́ náà pọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Mo sọ ọ́. Jẹ́nẹ́rà ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀. Mo ní kò sí oyún, mà, kò sì sí èyí tó tún wálẹ̀. Mo gbé páálí bọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà, mo sọ ti òkúta àyà mi. Ó bi mí pé, "Ṣé wèrè ni?" Mo ní rárá, mà. Ó ń ṣa ẹ̀wà tó ti ṣà tán.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹfà

Jẹ́nẹ́rà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò dúró dè mí. Mo lo bọ́tìnì mi.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹfà

Ó pè mí sẹ́yìnkùlé. "Ìgò tí mo gbé fún ẹ ńkọ́? Ṣé ò ń mu ún?" Mo ní ìdí ìbẹ́pẹ ni mò ń dà á sí, mà. Ó wo igi náà. "Ìbẹ́pẹ yẹn á ti yó."

Ó ní nígbà tí àbúrò Bàbá Mojí kú ní kékeré, òun jókòó sẹ́yìn àárò láti ìgbà àgbàdo títí ọyẹ́ fi dé. Òun ò fẹ́ wẹ̀, òun ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ní òun ya ọ̀lẹ. "Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ìwọ rí ẹni bi ẹ́. Lo oògùn ẹ, jàre."

Mo sunkún níbẹ̀, ara sì tù mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti sunkún kẹ́yìn tí ara tù mí.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù keje

Mo gbọ́ òjò lórí páànù láàárọ̀ yìí. Ó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò gbọ́ ọ ni. Ọmọ kan sọ ní kíláàsì pé Ìyànà Ìpájà ni olú-ìlú Nàìjíríà, nítorí gbogbo mọ́tò ló ń lọ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Òkúta ṣì wà, ṣùgbọ́n mo lè gbé e rìn.

Jẹ́nẹ́rà ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ báyìí. Bí a bá jẹun alẹ́ tán: "Àníkẹ́, bọ́tìnì ńkọ́?" Fúnra rẹ̀ ló sọ fún Rédíò létí kànga pé kò sí oyún, àìsàn ló ṣe ìyàwó òun, ó sì ń san. Rédíò ní òun náà kì í rí oorun sùn, kí wọ́n fún òun ní ẹyọ kan. Jẹ́nẹ́rà ní, "Alhájà, ẹ lọ rí dókítà tiyín. Aṣọ la máa ń yá ara wa, a kì í yá oògùn."

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù keje

Jẹ́nẹ́rà lọ lónìí. Rédíò wá kí i pé ó dìgbà, Ìyá Matilda, aládùúgbò wa, àti àwọn ìyá ìjọ náà wá. Pálọ̀ kún. Gbogbo wọn ló mọ bí ìyàwó ṣe ń sin ìyá ọkọ rẹ̀ sọ́nà. Ojú wọn wà lára mi. Mo ní kí n kúnlẹ̀.

Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, ó di apá mi mú. "Jókòó."

Mo wo àwọn èèyàn. Ó tún un sọ, kò gbóhùn sókè: "Àníkẹ́, mo ní kó o jókòó."

Mo jókòó sórí àga. Òun ló dúró. Ó kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ẹnì kankan.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Ó yá, dìde. Díẹ̀díẹ̀ o."

Mo dìde díẹ̀díẹ̀. Ilé ò ṣú.