Iyán Tí Màámà Ò Jẹ

Dádì Pẹ̀lúmi,

Ẹ kú òtútù. Mo kí Àǹtí àti Pẹ̀lúmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mọ́mì mi ti wálẹ̀ díẹ̀.

Èmi ni mo ka ìwé ẹ̀rín yín sókè fún àwọn ìyá ìjọ ní Òkè-Ìlá, ibi tí ẹ ti kọ pé Màámà, ìyá yín, máa ń dá jẹ iyán ní kọ̀rọ̀. Ìyá Success pariwo pé, "Olè iyán!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Màámà, tí wọ́n jókòó láàárín wa, ní, "Àwọn ọmọ ló ń jẹ iyán tán. Ohun tí mo bá ha ní ìdí odó ni mo ń jẹ."

Láti Sọ́ńdè tí mo ka ìwé náà, tí mo bá gbé oúnjẹ fún Màámà, wọ́n á ní àwọn ti jẹun. Irọ́ ni.

Ojú ń tì mí. Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ má sọ pé àwàdà ni.

Tómilọ́lá