Ta Ni Obìnrin Tó Gbé Fìtílà Létí Omi?

Thirza ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé èéfín Lọ́ńdọ̀nù yẹn kò tíì wọ̀ ọ́ láyà? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ inú irà kò ní gbàgbé rẹ, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ, ọ̀gá rẹ kò sì ní kanra mọ́ ọ. Èmi bàbá rẹ ń bẹ láàyè, eékún nìkan ló ń dà mí láàmú, ẹlẹ́dẹ̀ wa náà ń bẹ láàyè, ó tilẹ̀ ń sanra jù mí lọ. Afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé wa lápá kan, ṣùgbọ́n mo ti gé koríko létí odò, mo ti dí i.

Lẹ́tà rẹ dé, o ní wáyà tí mo tẹ̀ sí ọ mú kí o bú sẹ́kún lẹ́nu iṣẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, mo wá ní kí ni mo fẹ́ máa ra ọ̀rọ̀ bí olówó fún, ni mo bá yọ orúkọ rẹ, mo yọ orúkọ mi, mo yọ ìkíni, ohun tó wá kù ni “Ó kú àbí kò kú?” Lójú tèmi, ó yé èèyàn. Obìnrin inú ìtàn tí o kọ sínú ìwé ìròyìn ni mò ń béèrè, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nílé ló kú. Mo tilẹ̀ dúró lábẹ́ wáyà náà títí kí n lè rí ọ̀rọ̀ mi bó ṣe ń kọjá, n kò rí i, bóyá ẹ̀yìn mi ló gbà.

Ṣé o rí i, nígbà tí ìwé ìròyìn yẹn dé, Míìsì Gathercole olùkọ́ pe gbogbo wa sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì kà á sí wa létí. A gbọ́ bí ọmọbìnrin náà ṣe lọ ń tọ́jú ọmọ olówó kan nínú ilé ńlá, tó jẹ́ pé bó bá ti ń wo ìta lójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan á dúró ní òdìkejì omi, á gbé fìtílà sókè, á máa wò ó. Ó bi alásè, alásè ní òun kò rí nǹkan kan. Ó bi ọmọ náà, ọmọ ò wo omi, ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbẹ̀yìn ó ṣí fèrèsé, fìtílà sì kú. Míìsì Gathercole pa ìwé dé. Mo ní kó máa kà á lọ, ó ní ó ti parí. Mo ní irọ́ ni, ìtàn wo ló ń parí báyìí, ẹnìkan ti gé èyí tó kù. Mo lọ bá obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kó bá mi wá ojú ìwé yẹn, kódà bó bá ti fi di ẹja. Díẹ̀ ló kù kó dẹ ajá rẹ̀ sí mi.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú. Dack alágbẹ̀dẹ ní òkú ni obìnrin náà, ọ̀rọ̀ parí. Àlùfáà Thurtell ní rárá o, ọmọbìnrin náà ni orí rẹ̀ kò pé, kò jẹun kánú, ó ń dá wà jù, ojú ara rẹ̀ ló ń tàn án jẹ. Dack ní ẹni tó ń wàásù lọ́dọọdún pé òkú kan jíǹde kò yẹ kó máa bá òkú etí omi jà. Láti ìgbà náà, kò fẹ́ kan bàtà mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin àlùfáà mọ́. Míìsì Gathercole ní àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, pé ńṣe ni ẹni tó kọ ọ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí olúkúlùkù gba ibi tó wù ú wọlé. Mo ní nílé tèmi, bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wọlé.

Ṣùgbọ́n Thirza, èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. O kọ ọ́ pé ọwọ́ òsì ni obìnrin náà fi gbé fìtílà, pé ó gbé e dé ìwọ̀n etí, pé ó di ìborùn aláwọ̀ eérú rẹ̀ sẹ́yìn. Báyìí ni Susannah ìyá rẹ ṣe máa ń dúró dè mí bí mo bá pẹ́ lórí omi. Dack náà mọ̀ ọ́n, torí nígbà tí wọ́n ka ibẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Yìnyín dí ọ̀nà nígbà tí a sin ín, o kò rí i kó tó wọlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ títí dòní. Ó sì wà nínú ìwé rẹ pé “mo rí i,” o kò kọ ọ́ pé ẹlòmíràn ló rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti da orí mi rú. Bó bá jẹ́ ti Dack, a jẹ́ pé ìyá rẹ kò tíì sinmi, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò yà sọ́dọ̀ èmi tí mo wà nítòsí, ìyẹn sì ń dùn mí. Bó bá jẹ́ ti àlùfáà, a jẹ́ pé ìwọ ọmọ mi lò ń dá jókòó lójú fèrèsé, tí o kò jẹun, tí ò ń rí ohun tí kò sí. Èyí tí mo bá dì mú nínú méjèèjì ló ń jó mi lọ́wọ́. Míìsì Gathercole ní ó tún lè jẹ́ pé ńṣe lo kàn jókòó tí o hun ún látinú orí rẹ, pé kò sí ohun tó jọ ọ́. N kò tọ́ ọ láti máa purọ́, ṣùgbọ́n mo ti kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ lo pa.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ọmọbìnrin yẹn kò sọ̀rọ̀! Ta ni kò mọ̀ níbí pé òkú kì í lè lanu àfi bí alààyè bá kọ́kọ́ kí i? Ìyá àgbà sọ ọ́ fún ọ títí. Ó ṣí fèrèsé, ó wá dákẹ́ bí òpó. Nítorí náà ni mo ṣe lọ síbi tí a ń so ọkọ̀ mọ́, mo ní Susannah, lórúkọ Baba àti Ọmọ, kí lo ń fẹ́? Pẹ́pẹ́yẹ ló dá mi lóhùn. N kò mọ̀ bóyá torí pé kò sí níbẹ̀ ni, tàbí torí pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà.

N kò béèrè owó tábà lóṣù yìí. Owó ọkọ̀ rélùwéè ni kí o fi ránṣẹ́. Lóòótọ́, mo ti búra pé n kò ní wọ ohun tó ń sáré tí kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n màá wọ̀ ọ́. Dack ní wọ́n á fún mi ní káàdì kékeré kan, pé ọkùnrin kan á wá fẹ́ lu ihò sí i lójú ọ̀nà. Kó wá, èmi ni màá kọ́kọ́ lù ú. Bí mo bá dé, màá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ní ojúmọmọ. Bó bá kún, òpùrọ́ ni ọ́, màá jẹ oúnjẹ rẹ tayọ̀tayọ̀, màá padà sílé. Bí kò bá kún, fún mi láyè lójú fèrèsé yẹn, ká jọ jókòó, kí ìwọ má sọ nǹkan kan. Èmi ni kí n kọ́kọ́ kí i, torí mo mọ bó ṣe fẹ́ ká máa pe òun.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ bò ọ́, kó fún ọ ní oorun tó jinlẹ̀, kó jẹ́ kí n bá ọ láyọ̀. Jẹun dáadáa. Má sì ṣí fèrèsé náà kí n tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Obadiah Larter