Ẹsẹ̀ Tí Wọn Ò Gé Mọ́

Adájọ́ ilé wa, ọmọ tí mo bí tó wá ń bá mi wí,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ tó ń hanrun, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ jókòó kí o tó kà á. Bí ọkọ rẹ bá ń yọjú wò ó, sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá bá yín gbé ni. Á sá.

O rántí kókó tó wà ní itan mi, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, tí wọ́n ní kò léwu. Kò gbọ́ pé òun ò léwu, ó ń wú sí i. Dókítà kan wà ní ọsibítù náà, agùntáṣọọ́lò, ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ nìkan lè gba aṣọ odidi ìdílé. Ó ní òun ò gba èsì yẹn gbọ́, pé bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà láti ìbàdí kó má baà tàn ká. Ìwọ náà rò ó wò: télọ̀ tó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kó tó hu irùngbọ̀n. Oorun dá lójú mi.

Wọ́n mú mi lọ síbi ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán oríṣi méjì pọ̀. Ọ̀kan ń ya ẹran ara àti egungun bí wọ́n ṣe rí, èkejì ń wo ibi tí ara ti ń jẹun. Wọ́n fi ebi pa mí di ọ̀sán, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ fa ṣúgà kan sí mi lára, èyí tó jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ náà nìkan ló lè rí i. Wọ́n ní àìsàn yẹn fẹ́ràn ṣúgà ju ọmọdé lọ. Nọ́ọ̀sì wá ní kí n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí n má sì sọ̀rọ̀. Mo ní, “Kí n má kínni?” Ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀fun yín á máa jẹ ṣúgà náà, á sì tàn bí ẹni pé àìsàn wà níbẹ̀.” Mo dákẹ́ o. Èmi yìí. Nígbà tí ìyá rẹ gbọ́, ó bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà ṣeé gbé lọ sílé.

Agùntáṣọọ́lò fi àwòrán itan mi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọ̀kan lé orí èkejì, bí mo ṣe ń gbé bébà tí mo ya ìwọ̀n sí lé orí aṣọ. Adájọ́, kókó kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Àárín rẹ̀ dúdú, ó ti kú, kò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ kan ń sùn, ó kàn ń tọ́ ṣúgà náà wò díẹ̀díẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ibi tó sún mọ́ egungun ni wọ̀bìà wà, ó pọ́n bí iná, ó ń jẹ bíi bùrọ̀dá ọkọ rẹ nígbà tó wá kí wa. Ẹni tó ń sùn ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá, ó wá lọ jẹ́rìí pé kò sí olè nínú ilé. Wọ́n tún gún mi, níbi tó pọ́n gan-an. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní kí n padà wá, pé àwọn ṣì ń yẹ ibòmíràn wò nínú àwòrán náà. Mi ò bi í léèrè ibo.

Mo múra ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún gígé. Mo ti ń bá àtàǹpàkò mi sọ ó dìgbóṣe. Ìgbà tí èmi àti ìyá rẹ padà débẹ̀, dókítà ní àwọn ò ní gé e mọ́. Mo dìde, mo dì mọ́ ọn, orí mi ò ga ju ìgbànú rẹ̀ lọ. Mo ní, “Dókítà, ọmọ mi, màá rán ṣòkòtò kan fún ọ, bó tilẹ̀ máa gba gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.” Ìyá rẹ bú sẹ́kún ayọ̀, ó sáré jáde lọ pe àwọn àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

Ó wá ku èmi àti ọkùnrin náà, mo sì rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá àwàdà mi ti di ẹ̀tẹ́ ni. Ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé, ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀dọ̀fóró mi nínú àwòrán. Iná wà níbẹ̀ náà, wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí ẹ̀ta iná bá jó aṣọ. Ó ní, “Bàbá, a ò gé e mọ́ torí pé gígé ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ó ti kúrò ní ẹsẹ̀.” Ó ní òògùn wà, ṣùgbọ́n èyí tó ń sùn àti èyí tó jí kì í gbọ́ òògùn kan náà, bí wọ́n bá pa ọ̀kan, èkejì á gorí àga. Mo bi í bóyá màá rí ọdún tó ń bọ̀. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Ìyá rẹ wọlé padà, ó ń kọrin. Mo la ẹnu, ẹnu tó ti fi gbogbo àdúgbò ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, mo bá a gbe orin náà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kọjá níwájú ilé tí ìyá rẹ kì í sọ fún pé ẹsẹ̀ ọkọ òun dúró. Lánàá, ó ra bàtà tuntun fún mi. Ó kúnlẹ̀, ó so okùn rẹ̀ fún mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ní èyí á gbó mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ní ó ṣeun.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Wá sílé, ọmọ mi. Mi ò lè dá nìkan sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ tí o bá dé ni màá sọ ọ́, kí o jókòó tì í, kí o dì í mú. Bó bá fẹ́ lù mí pé mo fi pamọ́, jẹ́ kó lù mí.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ọjọ́ rẹ á dalẹ́. Ohun tó ń jẹ mí yìí kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì,
Télọ̀.

Àfikún: Má fi fóònù dá mi lóhùn o. Ìyá rẹ ló ń gbé e, ohùn gbangba ló sì máa ń fi í sí kí gbogbo ilé lè gbọ́. Má kọ̀wé padà pẹ̀lú, torí òun ló ń tú gbogbo ìwé tó bá wọlé. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.