Pẹpẹ Òkè Ilé Ẹgbẹ́ Kò Ní Sọ̀kalẹ̀

Kolkata

Àbúrò mi Kwok-wah,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tó ti gbàgbé ojú mi ní Toronto. Ikọ́ ọkọ mi ti rọlẹ̀, sọ́séèjì tí a sá sórí òrùlé sì gbẹ dáadáa. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ tèmi.

Orúnkún yìí náà ni ìwọ àti Keung, akọ̀wé ẹgbẹ́, fẹ́ fi gba ilé ẹgbẹ́ àwa ará Ṣáínà lọ́wọ́ wa. Keung ní o ti gbà kí wọ́n sọ òkè di ilé oúnjẹ, kí pẹpẹ àwọn baba ńlá wa wá sí ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn mọ́."

Mo ní, "Ta ló máa wà lókè orí àwọn baba ńlá wa?"

"Àwọn tó wá jẹ núdù ni."

"Tàwọn ti bàtà wọn?"

Káfíńtà ni bàbá wa àgbà. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ojú omi wá láti Ṣáínà ló kọ́ ilé yẹn nígbà tí wọn ò tíì nílé tiwọn. Òkè pátápátá ni wọ́n gbé pẹpẹ sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rìn lórí àwọn tó bí wa. Bí wọ́n bá gbé e kúrò, ògiri lásán ló kù.

Pe Keung, sọ fún un pé o ò gbà mọ́. Kí àwọn baba wa máa ṣọ́ ọ nínú òtútù yẹn. Fi òróró orúnkún tó lágbára ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì gòkè lọ tan tùràrí láàárọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹgbẹ́ sì wà lọ́rùn mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Siu-lan