Ọkọ̀ Èédú Inú Yàrá Rámónì

Bàbá mi tí ẹ sùn sí Másífà,

Ẹ kú àtọjọ́. Èmi ọmọ yín obìnrin ni. Mi ò mọ̀wé, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà lẹ́tà yìí dà bí ìgbà tí afọ́jú méjì ń fi ọ̀nà han ara wọn. Sàdíátù ọmọ ọmọ mi, tó ń ránṣọ ní Ẹ̀jìgbò níbí, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni kó kọ.

Nǹkan kan wà tí mo ṣe sí yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mi ò jẹ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ fi kú. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Kì í ṣe pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rí-ọkàn ń dà mí láàmú o. Ọkọ̀ ojú irin ló fà á.

Rámónì ọmọ mi ti dé láti Abíjàn. Kò tíì máa rìn nígbà tí ẹ kú, ó ti wá di bàbá arúgbó báyìí. Ó lo ọgbọ̀n ọdún lọ́hùn-ún nídìí iṣẹ́ wáyà iná, orúnkún ń dùn ún, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo rò pé ẹrù gidi ni yóò kó wálé. Àpótí mẹ́ta ló kó dé, ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ló sì kún inú wọn. Orí ọkọ̀ tó ń fa gbogbo wọn kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo bi í pé ṣé ó tún ti di ọmọdé ni. Ó ní àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe é níbi tí òun ti kọ́ ọ, wọ́n á máa wa ọkọ̀ náà bí ẹni pé iṣẹ́ rélùwéè gan-an ni. Mo ní ó dáa, ẹni tó bá níṣẹ́ kó máa ṣe é.

Ó kan pákó mọ́ ara ògiri yàrá ẹ̀yìn tí mò ń kó àgbàdo sí, ó to irin sórí rẹ̀. Lápá ẹnu ọ̀nà, ó mọ òkè kan tí wọ́n ti ń wa èédú. Lápá fèrèsé, ó ṣe ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń sun èédú náà kí iná mànàmáná lè wá. Mo sọ fún un pé ilé yẹn nìkan ni wọn kì í ti í mú iná lọ ní gbogbo Ẹ̀jìgbò. Èmi ni mo gún èédú tí wọ́n ń kó sínú àwọn wágọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn àpótí ẹrù tí orí ọkọ̀ ń fà. Mo gún un lódó, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, mo rántí èékánná yín. Ẹ lè fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó jẹun, èédú kì í kúrò níbẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé, ọmọkùnrin mẹkáníìkì àdúgbò wa tó ń jẹ́ Jímọ̀ máa ń wá bá Rámónì kí wọ́n jọ wa ọkọ̀. Wọn kì í ṣe é bí eré. Wágọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní páálí kékeré tirẹ̀ tí wọ́n kọ ibi tó ń lọ sí. Èyí tó kún á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ilé iná, òfìfo á padà lọ gba òmíràn. Rámónì ní ọkọ̀ tó ru èédú kì í sáré. Bí méjì bá pàdé, òfìfo á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró kí ẹlẹ́rù kọjá. Èmi á jókòó sórí àpótí, n ó máa wò wọ́n, n ó panu mọ́. Ẹ mọ̀ pé n kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, Jímọ̀ ṣi páálí kan mú fún èkejì. Ó so wágọ́ọ̀nù mẹ́ta tí èédú kún inú wọn, ó darí wọn padà sí orí òkè. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi igbe bọnu.

"Jímọ̀! Ta ló ń gbé èédú lọ síbi tí wọ́n ti ń wa èédú?"

"Màmá, páálí ló ní kí n gbé e."

"Páálí ò lójú. Ìwọ ńkọ́?"

Rámónì ní, "Jímọ̀, o ti gbà á lónìí. Màmá ti di ọ̀gá téṣàn."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Rámónì rí mi, ó pa ọkọ̀ náà. Ó ní, "Màmá, kí ló ṣe yín?" Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, tí ẹ mú mi lọ síbẹ̀ kí n máa dáná fún yín. Èédú ń ti Ẹnúgù dé, àwọn orí ọkọ̀ ń jẹ ẹ́, òfìfo ń padà. Ẹ̀yin ni ẹ ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Òkúta lẹ fi ń lu wágọ́ọ̀nù. Èyí tó kún á dún gbì, òfìfo á dún gbọ̀nràn. Ẹ ó wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára èyí tó kún, ẹ ó ṣe òbìrìkìtì sára òfìfo. Àmì yín ni àwọn tó ń so ọkọ̀ ń wò, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ náà, mo gbé oúnjẹ wá, ẹ ti lọ kírun. Ṣọ́ọ̀kì wà lórí òkúta yín. Ọbẹ̀ ń tutù. Mo ní kí n bá yín ṣe èyí tó kù kí ẹ lè tètè jẹun. Mo lu wágọ́ọ̀nù bí ẹ ṣe ń lù ú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kéré, gbogbo rẹ̀ dún bákan náà létí mi. Mẹ́ta tó kún ni mo ṣe òbìrìkìtì sí lára. Kí ẹ tó dé, wọ́n ti so wọ́n, wọ́n ti lọ. Èédú padà sí Ẹnúgù, orí ọkọ̀ tó yẹ kó jẹ ẹ́ dúró sójú kan bí òkú ẹran. Ọ̀gá yín béèrè ẹni tó sàmì. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo ti fọ ọwọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́n lé yín níṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, a ru ẹrù wa padà sí Másífà. Oko iṣu lẹ fi parí ayé yín. Ẹ ò sọ̀rọ̀ rélùwéè mọ́. Èmi náà ò sọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo ní ó dá mi lójú pé ẹ ò mọ̀. Ẹ̀rí tí mo ní ni pé bí a bá ti wa iṣu tán lọ́dọọdún, èmi lẹ máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì fún kí n sàmì sí èyí tí a ó fi ṣe èèbù. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Bí mo bá ṣì í, a ó jẹ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ mọ́ iṣu. Ta ni yóò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi tó bá mọ ohun tí mo ṣe?

Rámónì ní, "Màmá, Bàbá mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn ló sàmì yẹn. Ta ló tún wà níbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ gbé oúnjẹ wá?"

Jímọ̀ ní, "Bàbá mọ̀, Màmá. Bàbá mọ̀ ọ́n ju mímọ̀ lọ."

Mo ní kó panu mọ́, ta ló bi í? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń yí nínú mi. Ṣé lóòótọ́ lẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò nà mí? Ǹ bá fara mọ́ nínà náà.

Èmi ni mo sàmì sí àwọn wágọ́ọ̀nù yẹn, Bàbá mi. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.

Títí mo fi lọ sílé ọkọ, mi ò ṣi àmì sà mọ́, iṣu èèbù kan ṣoṣo kò bọ́ sínú ìkòkò láti ọwọ́ mi. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń gbọ́únjẹ fún yín.