Nọ́ọ̀bù Ihò Kejì

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Bàbá mi ti ṣe ìkéde. Ọwọ́ òun ti kú. Kì í ṣe pé ó rọ o — ó ń fi í gé ẹran, ó ń fi í de okùn bàtà, àárọ̀ yìí gan-an ló fi gbá mi lẹ́yìn nítorí pé mo jókòó lé ìwé ìròyìn rẹ̀. Orin ló kú níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí, bó bá ti ta gìtá díẹ̀, á fajú ro, á gbé e sílẹ̀. "Ohùn mi kọ́ nìyẹn." Dókítà yẹ ọwọ́ náà wò títí, kò rí nǹkan kan. Bàbá ní dókítà kì í ta gìtá, kí ló fẹ́ rí?

Nítorí náà, gìtá àti ampilifáyà, àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, á di ti Tíṣà Orin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní òpópónà kejì sí tiwa. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa wá kó wọn.

Mo tọrọ àyè kí n yẹ ampilifáyà náà wò kó tó lọ. Mo kọ́ iṣẹ́ iná ní poli, ohun kan ṣoṣo tó bá ẹ̀kọ́ mi mu nínú ilé yìí nìyẹn, n kò sì fọwọ́ kàn án rí.

Bàbá ní kí n máa wò ó, kí n má tú u. Màámi dá sí i láti ilé ìdáná: "Enjiníà! Áyọ́ọ̀nù mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ láti ọdún tó kọjá o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Àpótí onígi. Aṣọ tó ti ṣá lójú rẹ̀. Awọ tí a fi ń gbé e ti já lápá kan. Mo sọ ọ́ ní Àgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìgò márùn-ún ló wà níbẹ̀ bíi gílóòbù kéékèèké — fáàfù. Irú èyí tó wà nínú rédíò ayé àtijọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kọ́ wa nípa wọn ní poli. Olùkọ́ ní ká má dààmú, kò ní jáde nínú ìdánwò. Kò jáde lóòótọ́.

Orí rẹ̀ ńkọ́? Súìsì iná. Súìsì mìíràn tí mo pè ní súìsì oorun: ó ń jẹ́ kí fáàfù máa gbóná láìsọ̀rọ̀. Ihò méjì tí wọ́n ń ki wáyà gìtá bọ̀. Nọ́ọ̀bù mẹ́ta tí à ń yí láti òdo dé mẹ́wàá: fọ́lúùmù ihò kìíní, èyí tí Bàbá ń lò, fọ́lúùmù ihò kejì, tóònù, tó ń mú kí ohùn mú tàbí kó kú.

Nọ́ọ̀bù kejì wà ní òdo. Kò sí wáyà nínú ihò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àṣẹ ìwé ẹ̀rí mi: nọ́ọ̀bù kejì — kò wúlò.

Ọjọ́rú, 4

Mo tan Àgbà. Kò dáhùn. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa fún Bàbá kó tó hùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbà ni lóòótọ́: o kí i, ó kọ́kọ́ wò ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mo dé láti ibi iṣẹ́ (ẹ̀rọ ẹ̀dà-ìwé mẹ́ta ni mo tún ṣe, ẹ̀kẹrin ṣẹ́gun mi), mo bẹ Bàbá kó ta gìtá kí n máa yí nọ́ọ̀bù. Ó gbà bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́.

Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Fọ́lúùmù ní mẹ́ta: ohùn mọ́ gaara. Tó bá kọjá mẹ́fà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo sí i mọ́, ńṣe ló ń há, bí ẹni tó ti ń pariwo bọ́ọ̀lù látàárọ̀. Bí Bàbá bá wá rọra ta á, ó tún mọ́. Bó bá ta á líle, ó há. Ẹ̀rọ tó mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó! Ẹ̀rọ ẹ̀dà-ìwé ò mọ̀ ọ́n.

Mo mú tóònù lọ, mo mú un bọ̀. Ó mú jù. Ó kú jù. Ó tún mú jù. Màámi ní bó bá jẹ́ ohùn tó ń ha ni la fẹ́, ká fún òun ní ṣíbí, ìkòkò wà nílẹ̀.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kà wọ́n. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

N kò rí àwàdà kankan ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Ilé dá. Wọ́n lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ohùn mélòó kan tí à ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo mọ̀, mo ta á fún wákàtí kan. Aládùúgbò ti fèrèsé rẹ̀.

Kí àkọsílẹ̀ mi lè pé ni mo ṣe yí nọ́ọ̀bù tí kò wúlò. Torí kí n lè kọ "mo ti dán an wò" ni o. Òdo sí mẹ́ta — ohùn yí padà.

Mo bojú wo ihò kejì. Ó ṣófo.

Mo dé méje: ohùn kún, ó rọ̀, ohun tó ń ha etí ti lọ. Kọ́ọ̀dù mi kan ṣoṣo dà bíi ti ẹni tó mọ méjì. Mo dé mẹ́wàá: ohùn jò lọ. Mo dá a padà sí méje. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ẹ̀kán ọ̀dà èékánná pupa kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méje gan-an. Ẹnì kan ti wà níbí kí n tó dé.

Àwòrán wáyà rẹ̀ wà lára igi ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà ihò méjèèjì pàdé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ fáàfù tó kàn. Ó dà bíi yàrá méjì tó ń lo ọ̀nà àbájáde kan: bí o bá ti ilẹ̀kùn yàrá kejì, atẹ́gùn yàrá kìíní á yàtọ̀, bí kò tilẹ̀ sẹ́nì kankan nínú ìkejì.

Ọjọ́ Ajé, 9

Mo fa ìlà lórí "kò wúlò". Ìlà méjì.

Ọjọ́rú, 11

Mo bi Màámi léèrè ta ló ń lo nọ́ọ̀bù kejì tẹ́lẹ̀. Ó dá aṣọ tó ń ká dúró.

Bọ́ọ̀dá Onífìlà ni. Ọ̀rẹ́ Bàbá, tí kì í ṣí fìlà àfi tó bá fẹ́ sùn, kò sì sí ẹlẹ́rìí fún ìyẹn. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi jọ ta gìtá nínú àpótí kan náà: ihò kìíní ti Bàbá, ìkejì tirẹ̀. Òun ló fi ọ̀dà Màámi sàmì sí méje, torí pé ó máa ń gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ibi ìsìnkú rẹ̀ dé, Bàbá ò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ yí nọ́ọ̀bù náà sí òdo. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹni tó ni ín ti sùn.

Mo bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní ọdún mẹ́rin. A wo ara wa. Ó ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 12

Bí mo bá dákẹ́, gìtá lọ. Bí mo bá jí nọ́ọ̀bù náà ṣí, mo fọwọ́ kan ohun olóògbé. Bí mo bá sọ fún Bàbá, mo sọ fún un pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ló pa ohùn rẹ̀. Ọ̀nà kẹrin ló wù mí jù: kí n ṣàìsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, kí ẹsẹ̀ lè ráyè sá. Mo ṣàlàyé yàrá méjì, mo ṣàlàyé atẹ́gùn. Ó gbọ́ mi dópin, ohun tí kò ṣe rí.

Ó ní, "Láìsí wáyà níbẹ̀?"

Mo ní láìsí wáyà, sà.

"Láìsí ẹnì kan?"

Láìsí ẹnì kan, sà.

Ó padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Kò ṣí ojú ewé kankan títí a fi jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Tíṣà dé pẹ̀lú okùn gígùn kan láti fi di ẹrù. Bàbá ní kó jókòó ná, kó gbọ́ ohun tó fẹ́ gbé. Ó tan iná. A dúró de Àgbà. Ó ta gìtá. Ó ń ha bí ìkòkò. Tíṣà mi orí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́bẹ̀ tí kò níyọ̀.

Bàbá dáwọ́ dúró. Ó gbé ọwọ́ lé nọ́ọ̀bù kejì, ó fi í síbẹ̀ bí ẹni gbọ́wọ́ lé èjìká ẹni tó ń sùn. Ó ní, kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀, "Onífìlà, má bínú." Ó yí i dé ojú àmì pupa.

N ò ní gbìyànjú láti kọ bó ṣe dún. Ìwé ẹ̀rí mi ò dé ibẹ̀. Màámi jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó fara ti ilẹ̀kùn, kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó parí, Bàbá tún wo àwọn ìka rẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin náà lẹ wà níbí látọjọ́ yìí?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀. Ó ní òun rò pé ẹrù yìí ò lọ mọ́.

Bàbá ní, "Gìtá tiyín ńkọ́?"

Ó wà nílé, sà.

"Ẹ lọ mú un wá. Ihò kejì ṣófo."

Tíṣà sáré jáde, ó gbàgbé okùn. Mo na ọwọ́ láti pa Àgbà. Bàbá gbá ọwọ́ mi kúrò — ọwọ́ tó kú yẹn náà ló fi gbá a, ó sì dùn mí. Ó ní kí n má pa á, súìsì oorun ni kí n fi sí.

Súìsì oorun. Orúkọ tí mo sọ ọ́ gan-an ló pè é.

Fáàfù ń pọ́n lẹ́yìn àpótí báyìí. Wọ́n gbóná, wọn ò sọ̀rọ̀. Bàbá jókòó tì wọ́n, gìtá lẹ́sẹ̀, ojú lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti okùn Tíṣà, Màámi ti so ó síta. Aṣọ ti wà lórí rẹ̀.